Kọ̀ǹpútà olówó ńlá tí kò tẹ́ni lọ́rùn: Ṣé ká dá a padà ni, àbí ká gbé e mì?

Àwọn àgbà ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wá kó owó ńlá sílẹ̀, tó ra kẹ̀kẹ́ tuntun, tó jẹ́ pé kò yí bí wọ́n ṣe ní yóò yí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó ń ká ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lára nílùú Ìbàdàn nìyẹn lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní láàpútọ́ọ̀pù, pàápàá ojúlówó rẹ̀ tó wọ́n bí ojú.

Lágbègbè Ẹlẹ́yẹlé, láti apá Jẹ́ríkò títí lọ dé ọ̀nà Ológunẹ̀rú, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ò kéré. Ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán fáwọn onítẹ̀wé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń jókòó sílé ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà lókè òkun náà wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà yìí ló dà bí àdá àti ọkọ́ fún wọn. Bí àdá ò bá mú, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi ṣánko?

Kẹ́ ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe wúwo tó, ẹ gbọ́ ìṣirò yìí ná. Ní October 2023, ilé-iṣẹ́ Apple gbé MacBook Pro kan jáde, iye tí wọ́n sì dá lé èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ni dọ́là 1,599. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, dọ́là kan ti fò dé nǹkan bí ₦1,500, bẹ́ẹ̀ ṣáájú June 2023 tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, kò ju nǹkan bí ₦470 lọ. Èyí já sí pé kọ̀ǹpútà tí ì bá jẹ́ nǹkan bí ₦750,000 ti di nǹkan bí ₦2,400,000, láìtí ì ka owó ọkọ̀ àti èrè oníṣọ́ọ̀bù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024, ₦70,000 ni. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò san owó ilé, yóò tó oṣù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó lè ra ẹyọ kan!

Ṣé irú owó bẹ́ẹ̀ lèèyàn máa ná tán, tí yóò wá máa fọwọ́ lẹ́rán? Ohun tó fà á nìyí tí ìpinnu pé kéèyàn dá ọjà padà tàbí kó mú un mọ́ra ò fi ṣe ohun àfojúdi rárá.

ÌLÉRÍ TÓ WÀ LÓRÍ PÁÁLÍ

Ohun tójú ẹni tó ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá máa ń rí kì í ṣe pé ọjà bàjẹ́ lójọ́ kìíní. Ká ní ó bàjẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti rọrùn. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọjà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ṣe tó bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ bátìrì. Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé wákàtí méjìdínlógún ni bátìrì máa lò. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọn ọ́n ló yàtọ̀. Wọ́n máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, wọ́n á sì jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bíi wíwo fídíò. Ẹni tó bá ń gé fídíò lórí ẹ̀rọ kan náà, tó gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dókè, tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, lè máà rí ìdajì wákàtí ọ̀hún lò. Bí NEPA bá sì ti mú iná lọ láti àárọ̀, ibẹ̀ ni ojú á ti já a pé ìnfátà ṣì ṣe pàtàkì.

Èkejì ni ooru. Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó dáa lójú, àmọ́ ààyè tí afẹ́fẹ́ fi ń wọ inú wọn ò tó nǹkan. Bí ara wọn bá ti gbóná, àwọn fúnra wọn ló ń dín eré tí wọ́n ń sá kù kí wọ́n má baà jóná. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, nínú oòrùn March n'Ìbàdàn, á kàn máa rí i pé ẹ̀rọ tó sáré bí ẹṣin nínú ṣọ́ọ̀bù ti ń rìn bí ìgbín nílé.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, torí kò ní àtúnṣe. RAM ni wọ́n ń pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí. Láyé àtijọ́, bí RAM bá kéré, ẹnjiníà á tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Àmọ́ láti ọdún 2012 tí Apple ti gbé MacBook Pro olójú Retina jáde ni wọ́n ti ń jó RAM mọ́ pátákó inú rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí téèyàn bá rà ló máa lò títí láé. MacBook Pro ọdún 2023 tí wọ́n ń ta ní dọ́là 1,599 yìí, RAM 8GB péré ló wà nínú rẹ̀, àríwísí sì pọ̀ lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tó di October 2024 ni Apple tó sọ èyí tó kéré jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ di 16GB. Ẹni tó ti ra ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó ti rà á nìyẹn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ L'AMẸ́RÍKÀ

Àwọn tó bá rò pé fífi ara dà á ló dáa jù, kí wọ́n gbọ́ ìtàn yìí. Lọ́dún 2015, Apple gbé MacBook tuntun kan jáde tí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Labalábá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ lédè wọn, torí bí wọ́n ṣe to abẹ́ bọ́tìnnì náà. Ó fẹ́lẹ́, ó sì dùn ún wò. Nígbà tó di 2016, wọ́n gbé e wọ inú MacBook Pro tó jẹ́ olówó ńlá.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí igbe fi sọ. Èérí bíńtín tó bá wọ abẹ́ bọ́tìnnì báyìí, wàhálà dé nìyẹn. Lẹ́tà kan á kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò jáde, òmíràn á jáde lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lóṣù kẹta ọdún 2019, oníròyìn Wall Street Journal kan, Joanna Stern, kọ odindi àròkọ láìsí lẹ́tà E àti R nínú ẹ̀, kó lè fi han aráyé bí ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ọ̀hún ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ọ̀rọ̀ ẹkún sì ni.

Ní May 2018 làwọn oníbàárà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ ní California. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò máa tún bọ́tìnnì náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́rin látọjọ́ tí wọ́n ti ta ẹ̀rọ. Ní November 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò, nígbà tí ọdún 2020 sì fi máa dé ìdajì, kò sí nínú èyí tí wọ́n ń ṣe jáde mọ́. Ẹjọ́ ní tiẹ̀ ń lọ, kò parí àfi lọ́dún 2022 tí Apple gbà láti san mílíọ̀nù 50 dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi.

Ibi tó wá yẹ kí onílàákàyè ti kọ́gbọ́n rèé. Ẹni tó pàdánù jù, tó tún bọ́tìnnì yẹn ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí tó lè pọ̀ jù tó máa gbà kò ju dọ́là 395 lọ. Ìpínlẹ̀ méje péré l'Amẹ́ríkà lọ̀rọ̀ náà sì kàn. Ẹni tó ra tiẹ̀ n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, kọ́bọ̀ ò kàn án níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù Apple, tó ti fura láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń gba ọjà padà, gbogbo owó ẹ̀ ló gbà pé. Àwọn tó fi sùúrù gbé e mì ni wọ́n dúró ọdún mẹ́rin kí ilé-ẹjọ́ tó bá wọn dá sí i.

Èyí tó bá wá jẹ mọ́ ewu, ìyẹn kúrò ní ohun tí wọ́n ń jókòó rò. Ní August 2006, Dell ní kí àwọn èèyàn dá bátìrì kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 4.1 padà, torí pé bátìrì ọ̀hún tí Sony ṣe lè gbiná. Bí bátìrì bá wú, tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá yọ gọnbu tàbí tó ń gbóná bí ìkòkò orí iná, kò sí ìjíròrò níbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ ṣájà, kí wọ́n má ṣe gbé e sórí ibùsùn, kí wọ́n sì gbé e padà.

KÍ LÒFIN NÀÌJÍRÍÀ WÍ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọjà téèyàn bá ti rà ní Nàìjíríà, ó ti rà á nìyẹn. Wọ́n á tọ́ka sí ohun tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà-gadagba pé kò sí dídá owó padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó. Àmọ́ àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lórílẹ̀-èdè yìí, ti sọ ọ́ léraléra pé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin.

Òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí ni ti ọdún 2018 tó dá àjọ náà sílẹ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Òun ló rọ́pò ti ọdún 1992 tí ìjọba ológun fi dá ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀. Abala 122 nínú òfin tuntun yìí sọ ọ̀nà méjì téèyàn lè gbà dá ọjà padà kó sì gba owó rẹ̀ pé, yàtọ̀ sí ọjà tó ní àbùkù tàbí tó léwu, tí ẹ̀tọ́ láti dá a padà ti wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: bí oníbàárà bá ti sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé iṣẹ́ báyìí báyìí lòun fẹ́ fi ọjà ṣe, tí wọ́n sì tà á fún un fún iṣẹ́ yẹn, àmọ́ tó gbé e délé tó rí i láàárín àsìkò tó bójú mu pé kò wúlò fún iṣẹ́ náà. Ọ̀nà kejì: bó bá jẹ́ pé kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e wá bá a, tó wá rí i pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n júwe fún un, tí kò sì fi falẹ̀ kó tó kọ̀ ọ́.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Òfin ò sọ pé ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀, tó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà wò, tó yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, tí kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, tó wá jí lọ́jọ́ kejì tó ní kò wu òun mọ́, kó lọ gbowó rẹ̀. Bí ọjà ò bá ní àbùkù, ojúure oníṣọ́ọ̀bù ló kù. Gbólóhùn kan péré ló máa ń yí ọ̀rọ̀ padà: "Ẹ̀gbọ́n, fídíò ni mo fẹ́ máa gé lórí ẹ̀ o, ṣé ó máa gbé e?" Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ti dáhùn pé, "Kọ́sítọ́mà mi, ẹ má mikàn, á gbé e dáadáa," ọ̀rọ̀ ti wọ inú àdéhùn nìyẹn. Ó sì dáa kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹ̀rí wà.

Kì í sì í ṣe òfin tuntun ló bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin káràkátà táwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1893, tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ wa, ti ní in nínú pé bí ẹni tó ń rajà bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún ẹni tó gbọ́kàn lé, ọjà náà gbọ́dọ̀ yẹ fún un. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún!

Ohun mìíràn tó tún wà nínú òfin 2018 ni pé ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ fi yé oníbàárà gbangba. Nítorí náà, ẹni tó bá ra tuntun tó wá rí i pé tòkúnbọ̀ ni wọ́n dì sínú páálí tuntun, kò yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

ÈYÍ TÍ WỌ́N FI RÁNṢẸ́ LÁTI LONDON

Wàhálà tiẹ̀ tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ní kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà lókè òkun bá wọn rà á. Òfin ọ̀dọ̀ wọn dáa lóòótọ́. Ní Britain, ẹni tó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ mẹ́rìnlá látìgbà tó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti ní òun ò fẹ́ mọ́, láìsọ ìdí kankan. Bó bá sì ní àbùkù, òfin wọn ti ọdún 2015 fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ ọjà kó gba owó ẹ̀ pé.

Àmọ́ ìgbà tí páálí bá dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ní London lọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ìgbà tó bá dé Ẹlẹ́yẹlé. Bó bá fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti lọ kí ẹrù tó gúnlẹ̀ sí Àpápá. Ojútùú ẹ̀ ni pé kí ẹ̀gbọ́n tú u lọ́hùn-ún, kó tan án, kó yẹ ẹ́ wò, kó tó dì í. Ìtìjú sì tún wà ńbẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó fowó òógùn ra nǹkan ránṣẹ́ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣeun o, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn"? Ọ̀pọ̀ á dákẹ́, wọ́n á máa fi ẹ̀jẹ̀ dúdú sínú, wọ́n á máa tutọ́ funfun jáde. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá tètè sọ ọ́, bóyá ọ̀nà ṣì lè wà.

TA LÓ YẸ KÓ DÁ A PADÀ?

Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Ohun mẹ́rin ló yẹ kí ẹni tó wà nírú ipò yìí bi ara ẹ̀.

Ìkíní, ṣé ó ṣe é tún ṣe? Bó bá jẹ́ ètò inú ẹ̀ ló ń dà á láàmú, bí ẹnjiníà bá tún un tẹ̀, ó lè parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ihò tí wọ́n ń ki okùn bọ̀ ni kò tó, ohun ìsopọ̀ kékeré tí kò wọ́n máa yanjú ẹ̀. Àmọ́ RAM tó kéré, ooru, àti ojú tó ń dán bíi dígí, ọjọ́ tí wọ́n bá ti bá ẹ̀rọ dé ni wọ́n máa bá a kú.

Ìkejì, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á ló dí lọ́wọ́, àbí ọkàn ló kàn ń fẹ́ òmíràn? Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà ló ń tẹ̀, tó ń bínú pé ẹ̀rọ kò sáré tó ti ọ̀rẹ́ òun, kó fi ọkàn balẹ̀. Ẹni tí oníṣẹ́ ń retí fídíò ẹ̀ ní Saturday, tí ẹ̀rọ ń kú lójú ọ̀nà, onítọ̀hún ò gbọdọ̀ jáfara.

Ìkẹta, iye ọjọ́ mélòó ló kù? Òfin ní àsìkò tó bójú mu, kò dá iye ọjọ́. Ẹni tó lò ó fún oṣù mẹ́ta, tí igun ẹ̀ ti họ, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ bíi ti ẹni tó gbé e padà lọ́jọ́ karùn-ún.

Ìkẹrin lèyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò: owó ni kí wọ́n gbà, àbí ọjà mìíràn? Lásìkò tí dọ́là bá ń gòkè, ẹni tó gba ₦2,400,000 ẹ̀ lónìí lè rí i lọ́sẹ̀ méjì sí i pé owó náà ò ra irú ẹ̀ mọ́. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ó lè sàn kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó bá iṣẹ́ mu lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi díẹ̀ lé e bó bá gba bẹ́ẹ̀. Inú oníṣọ́ọ̀bù náà á dùn sí i ju kó ka owó jáde lọ.

OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé ọjà padà ṣe pàtàkì. Kí wọ́n má ju páálí nù, kí wọ́n má lẹ nǹkan kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí rìsíìtì wà lọ́wọ́, kí nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ sì bá ti ara rìsíìtì mu. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á, odindi ọjọ́ kan, kì í ṣe pé kí wọ́n gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù de Kérésì. Bí àléébù bá yọ, kí wọ́n fi fóònù ya fídíò ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e padà, kí wọ́n kó iṣẹ́ wọn kúrò, kí wọ́n sì yọ orúkọ ara wọn kúrò nínú ẹ̀, torí kọ̀ǹpútà tó bá ṣì wà lórúkọ ẹlòmíràn, oníṣọ́ọ̀bù ò ní lè tà á, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àjọ FCCPC tàbí ilé-ẹjọ́, kí ẹnu kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù náà níyàwó, ó lọ́mọ, ó lówó tó yá. Ẹni tó bá wọlé tó ń pariwo olè, ojú ọjà lá máa pè é lọ́ta. Ẹni tó bá jókòó, tó ní, "Aláàjí, ẹ má bínú, ẹ rántí pé fídíò ni mo sọ fún yín pé mo fẹ́ fi ṣe, ẹ wò ó bó ṣe ń kú," tó gbé fídíò àti rìsíìtì kalẹ̀, onítọ̀hún lọ́wọ́ òfin lẹ́yìn, kò sì tíì ba ti ọ̀la jẹ́. Bí Aláàjí bá wá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n mú un lọ bá àjọ náà.

Owó tí wọ́n bá fi ọdún mẹ́ta kó jọ, kò yẹ kí ìtìjú ọjọ́ kan gbé e lọ. Ẹni tí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ fún, kó máa lò ó, kó má tẹ̀ lé ohun tí ọ̀rẹ́ ń rà. Ẹni tí tiẹ̀ bá ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kó dìde nígbà tílẹ̀ ò tíì ṣú, kó gba Dùgbẹ̀ lọ.